Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tó Ń Tún Ilé Ṣe



Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya àwọn kan nínú yín pé ìwé ìròyìn ìjọ wa yìí fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwàásù Póòpù. Àwa àti Ìjọ Kátólíìkì, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ìjọ Àgùdà, kò gba ohun kan náà gbọ́ nípa Màríà, nípa àwọn ẹni mímọ́ tó ti kú, àti nípa ipò Póòpù fúnra rẹ̀. Ohun tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí èyí ni a ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn títí di òní, a kò sì yí i padà. Ṣùgbọ́n Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 17 fi yé wa pé àwọn ará Bèréà kọ́kọ́ fetí sí ọ̀rọ̀ ná, kí wọ́n tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú Ìwé Mímọ́. Ẹni tó bá di etí rẹ̀ kò lè yẹ nǹkan kan wò.

Póòpù tí à ń sọ ni Póòpù Francis, ẹni tí wọ́n bí ní Buenos Aires ní orílẹ̀-èdè Ajẹntínà ní ọdún 1936, tí wọ́n yàn sípò ní oṣù kẹta ọdún 2013, tó sì kú ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní gbogbo ọdún méjìlá tó lò, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sú u láti máa tún sọ. Ó sọ ọ́ fún àwọn ìdílé tó péjọ sí gbàgede Pétérù Mímọ́ ní Róòmù ní oṣù kẹwàá ọdún 2013. Ó tún un sọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn àfẹ́sọ́nà ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2014. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2015, ó fi odindi ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2016, ó tún kọ ọ́ sínú ìwé tó kọ sí ìjọ rẹ̀ lórí ìfẹ́ nínú ìdílé.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Ní èdè wa, a lè pè wọ́n báyìí: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè, ẹ ṣé, ẹ dárí jì mí. Bí ẹnì kan bá ti ń retí àṣírí ńlá, ó lè jọ ọ́ lójú bí ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́-lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n Póòpù náà sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti fi ṣe ìwà, àti pé níbi tí wọn kò bá sí, ògiri ilé a bẹ̀rẹ̀ sí í lanu. Àwa tí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya fún ọ̀pọ̀ ọdún kò rí ohun tí a lè fi tako èyí.

Ẹnì kan lè wí pé, ta ni yóò kọ́ Yorùbá ní ìkíni? Àwa tí a ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó! Àwa tí a ń jí lọ kí ẹni tó ṣe wá lóore, tí a ń sọ pé ẹ ṣé àná! Òótọ́ ni. Àṣà náà dára, a sì gbọ́dọ̀ fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé a máa ń kó gbogbo rẹ̀ jáde síta, a kì í fi ìkankan sílẹ̀ nílé. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi ní ó tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀, tó gbé omi kaná, tó wẹ àwọn ọmọ, tó sì gbé oúnjẹ síwájú wa, “iyọ̀ ò tó” ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́ lẹ́nu wa. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Wọn kò yọ ìyàwó ilé sílẹ̀ nínú òwe náà. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Lúùkù orí 17 ni Póòpù Francis fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí, ìwàásù tí gbogbo wa ti gbọ́ ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Kò sí ẹni tó rò pé ó kan àwo ẹ̀bà.

Lórí ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda, Ìfihàn 3:20 ni ó mú wá. Jésù Olúwa, ẹni tó ni wá, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kan ilẹ̀kùn. Kò já a wọlé. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jẹ́ kí a rò ó. Arákùnrin kan a dìde láàárín ìjọ, a jẹ́jẹ̀ẹ́ owó ńlá fún kíkọ́ ilé Ọlọ́run, ìjọ a pàtẹ́wọ́, akọrin a fi ìlù sí i. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó láàárín àwọn akọrin ni ó mọ̀ pé owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ló ń lọ yẹn, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè. Àwa kì í bá irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́. Bí arákùnrin bá jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ wa báyìí, a máa ń sọ fún un pé kí ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ ná, kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó tó ń wọlé dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n oorun àwọn kan pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó wúwo jù. Níbí, ó yẹ kí a wo èdè wa dáadáa. Yorùbá ní “pẹ̀lẹ́,” ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Bí ẹnì kan bá kọsẹ̀ lójú títì, a ó sọ fún un pé pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò tì í. A tún ní “má bínú.” Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀bẹ̀ dídára ni, Ọlọ́run ti fi tún ọ̀pọ̀ ilé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ: ìbínú ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ń bá wí. Ènìyàn lè fi ọdún mẹ́wàá sọ má bínú kí ó má tíì sọ lẹ́ẹ̀kan pé, “Mo jẹ̀bi.”

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tọkọtaya kan wá bá wa ní ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ nínú ìjọ ni àwọn méjèèjì. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí wọn kò ti jọ jẹun, oníkálùkù ń sùn ní yàrá tirẹ̀. Wọ́n ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ọkọ sọ fún wa pé ẹ̀mí kan láti ilé bàbá ìyàwó òun ló ń da àwọn láàmú, kí a jọ̀wọ́ lé e jáde. A ní kí ìyàwó náà sọ tẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Pásítọ̀, níbi ìsìnkú ìyá wọn, níwájú gbogbo ẹbí, wọ́n pè mí ní aláìmoore, wọ́n ní mi ò dá kọ́bọ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù mi la fi ra màlúù tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà.”

Ọkọ dáhùn kíá: “Ṣé mi ò ti ní kí o má bínú ni?”

Ìyàwó ní, “Ẹ ní kí n má bínú. Ẹ ò sọ pé irọ́ lẹ pa mọ́ mi.”

A jókòó síbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan kí arákùnrin yìí tó lè sọ ọ́ jáde. Nígbà tó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. A ní kí ó tún un sọ. Ó sì lọ sọ ọ́ níwájú àwọn ẹbí náà, nítorí ibẹ̀ ni ó ti tú u síta. A kò tún gbọ́ nípa ẹ̀mí láti ilé bàbá ìyàwó mọ́.

Póòpù Francis gba àwọn tọkọtaya níyànjú pé bó ti wù kí ìjà náà le tó, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí wọ́n má tíì parí rẹ̀. Éfésù 4:26 nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀kọ́ tuntun. Ó ní kì í ṣe dandan kí ènìyàn wólẹ̀. Kí ó kàn fọwọ́ kan ẹnì kejì rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tó. Ẹni tó mọ ilé ayé ni bàbá náà. Ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ó sọ fún àwọn ìdílé pé ìjà máa ń wà nínú ilé, pé nígbà mìíràn àwo a máa fò, pé àwọn ọmọ a máa fa ẹ̀fọ́rí, àti pé ní ti ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó, òun kò ní sọ nǹkan kan. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìfọwọ́kàn yìí, a ní èyí tí a fẹ́ fi kún un. Ó tó fún ìjà kékeré. Kò tó fún ti ìsìnkú tí a sọ lókè yìí. Àwọn ọkọ wa mọ ọ̀nà púpọ̀ láti yẹra fún ọ̀rọ̀ náà. Òmíràn a ra súyà wọlé, ó ti bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Òmíràn a fi owó ọjà kún owó ọjà. A kò ní kí ẹ má ra súyà o! Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀ ni.

Póòpù náà tún ṣe ìkìlọ̀ kan tí ó yẹ kí àwa onígbàgbọ́ gbọ́. Ó ní ìwà ọmọlúàbí lásán lè di ìbòjú, nítorí Èṣù tó dán Jésù wò nínú aginjù sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń tọ́ka sí Ìwé Mímọ́. Àwa tí a ń rẹ́rìn-ín kí ara wa lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ohùn wa a sì yí padà kí ọkọ̀ tó dé ilé, ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò.

Ṣé òun alára ṣe ohun tó wàásù rẹ̀? Ní ọdún 1935, ìjọba Mussolini ní Ítálì fi òfin de ìsìn àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì. Wọ́n mú àwọn ará wa, wọ́n kó wọn kúrò nílùú, wọ́n sì ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀. Ọdún 1955 ni òfin náà tó kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2014, Póòpù Francis lọ sí ìlú Caserta ní gúúsù Ítálì, sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì tí pásítọ̀ Giovanni Traettino ń darí. Ó dúró níwájú ìjọ, ó sọ pé àwọn Kátólíìkì wà lára àwọn tó ṣe òfin náà àti àwọn tó fi àwọn ará sùn, àti pé nítorí òun ni olùṣọ́-àgùntàn àwọn Kátólíìkì, òun tọrọ ìdáríjì. Ẹ rántí pé ọdún 1936 ni wọ́n bí i, ní òkè òkun. Ì bá rọrùn fún un láti wí pé ọwọ́ òun kọ́. Kì í ṣe gbogbo ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì Ítálì ni inú wọn dùn sí ìbẹ̀wò náà, a sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹta yẹn, ó sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn wa, ní gbangba.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn bàbá máa ń bi wá ní ìpàdé àwọn ọkùnrin: ṣé bàbá lè tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ọmọ, kí ọ̀wọ̀ rẹ̀ má sì wọ́lẹ̀? Arákùnrin káfíńtà kan nínú ìjọ wa ni kí ó dá wọn lóhùn. Ó ti na ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, nítorí ẹgbẹ̀rún méjì náírà tó sọnù. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ rí owó náà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì nígbà tó ń fọṣọ. Níbi àdúrà ìdílé ní òwúrọ̀ tó tẹ̀lé e, níwájú gbogbo àwọn ọmọ, ó pe ọmọ náà, ó ní, “Mo nà ọ́, o ò sì ṣẹ̀ mí. Mo jẹ̀bi. Dárí jì mí.” Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Dádì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.” Bàbá fà á dìde, wọ́n sì gbàdúrà.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ yìí lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Ó ní òun ni òun fọ́ dígí kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà tí wọ́n ti ń wá ẹni tó fọ́ ọ láti oṣù méjì.