Ọ̀kadà Inú Fóònù: Ẹ Bi Ọmọ Yín Pé Kí Ló Ń Ṣẹlẹ̀ Tó Bá Ṣubú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ géèmù ni, géèmù ọ̀kadà tí àwọn ọmọ ń gbá lórí fóònù àti lórí tẹlifíṣàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ojú ewé yìí á ti máa sọ pé kí ló kan àwa níbẹ̀. Ó kàn yín o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín ná kí ẹ tó ṣí i kọjá.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, wọ́ọ̀dù àwọn tó fara pa ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kì í fẹ́ gbọ́ ìró ọ̀kadà lóru. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí mo tọ́jú ní wọ́ọ̀dù ló jẹ́ kí n kórìíra géèmù. Ọmọ tèmi ni.

Lọ́dún 2007, àbígbẹ̀yìn mi gbé ọ̀kadà aládùúgbò wa kan jáde. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà, kò sì gun ọ̀kadà rí láyé rẹ̀. Nígbà tó dé kọ́nà tí àdúgbò wa ti já sí títì, ọ̀kadà náà yọ̀ lórí yanrìn, ó sì gbé e lu ògiri gọ́tà. Itan rẹ̀ ọ̀tún kán. Orí rẹ̀ gbá kọ̀ǹkéré. Àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà mìíràn, ẹsẹ̀ tó kán ń fì síwá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí eegun itan rẹ̀ bá kán, wọn kì í gbé e báyẹn. Ẹ wá igi pẹlẹbẹ tàbí páálí líle ti ẹsẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi aṣọ dì í mọ́ ẹsẹ̀ kejì, kí ẹ sì tẹ́ ẹni náà gbalaja sínú mọ́tò. Eegun itan kan ṣoṣo tó bá kán lè da ẹ̀jẹ̀ tó lé ní lítà kan sínú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ rí ẹ̀jẹ̀ kankan níta. Ẹ má sì fi òróró pa á, ẹ má fà á.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí ọmọ mi tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ìdánwò WAEC ọdún yẹn kọjá lójú rẹ̀. Títí dòní, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrú díẹ̀ ju ti òsì lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó kàn ń yan ni.

Ta ni mo dá lẹ́bi? Géèmù ni. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n lè gbá géèmù, ibẹ̀ ni tèmi máa ń sá lọ tó bá ti tilé ìwé dé. Géèmù ọ̀kadà ló sì fẹ́ràn jù. Mo ti fi pankẹ́rẹ́ lé e jáde níbẹ̀ rí lójú gbogbo ayé. Nígbà tí ìjàǹbá yìí wá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ mi pé. Ó lé ní ọdún 15 tí mo fi ń sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn ìyá pé géèmù ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi.

Àfi ìgbà ìsinmi tó kọjá yìí tí ọmọ mi kan náà mú ọmọ tirẹ̀ wá kí mi n'Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó jókòó sí fàrándà, fóònù ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Mo yọjú wò ó. Ọ̀kadà! Mo ti na ọwọ́ kí n já fóònù gbà. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ àti ọmọkùnrin aládùúgbò wa kan tó ń kàwé ní yunifásítì wà níbẹ̀, àríyànjiyàn tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe sì dá mi dúró. Èwo ló dára jù nínú àwọn géèmù ọ̀kadà ni wọ́n ń fà. Mo fa àga, mo jókòó. Ẹ má wò ó pé àgbà kì í jókòó ti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi ní tòun ló dára jù. Traffic Rider lorúkọ rẹ̀. Ó ní ojú ẹni tó ń gun ọ̀kadà ni wọ́n fi ń wo títì nínú rẹ̀, ènìyàn á máa rí ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdarí. Ó wá ní, "Màmá àgbà, tí mo bá ti sáré kọjá 100, tí mo wá gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kọjá bíi pé mo fẹ́ fara kàn án, wọ́n á fún mi lówó. Tí mo bá tún wá gba ọwọ́ tí àwọn mọ́tò ti ń bọ̀, owó yẹn á pọ̀ sí i." Ẹ̀yin èèyàn mi, àyà mi là gààrà. Ohun tó ń kún wọ́ọ̀dù wa lálẹ́ ọjọ́ Sátidé gan-an ni wọ́n ń fún ọmọ yìí lówó lé lórí!

Bàbá rẹ̀ ní èyí kò tí ì já mọ́ nǹkan kan, pé ọmọ òde òní kò mọ géèmù. Road Rash ló ń yìn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1991. Títì Califọ́níà ni wọ́n ti ń sáré nínú rẹ̀, láàárín mọ́tò àwọn ẹlòmíràn, wọ́n á máa fi kóńdó na ara wọn lórí ìrìn, ọlọ́pàá á sì máa lé wọn. Ó ní ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni pé tí èèyàn bá já bọ́, á ta kìtì lórí títì, á dìde, á wá sáré padà lọ bá máṣíìnì rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Ọmọ yunifásítì ní àwàdà ni ìyẹn. Ó ní MotoGP tí ilé iṣẹ́ Milestone ní Ítálì ń ṣe ni géèmù tó ń kọ́ni. Bíréèkì iwájú dá yàtọ̀, tẹ̀yìn dá yàtọ̀. Ẹni tí kò bá tẹ bíréèkì kó tó dé kọ́nà, ilẹ̀ ló ń lọ. Ohun kan ṣoṣo tó ní ó ń bí òun nínú níbẹ̀ ni pé tí èèyàn bá ṣubú, géèmù náà gbà á láyè kó dá àkókò padà sẹ́yìn, bíi pé kò ṣubú rí. Ó ní òun kì í lò ó. Ó tún sọ ti òmíràn tó jáde lọ́dún 2018, èyí tí wọ́n ṣe nípa ìdíje TT ní erékùṣù Isle of Man. Títì tí ará ìlú ń gbà lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń tì nítorí ìdíje yẹn, yípo kan rẹ̀ lé ní kìlómítà 60, ògiri ilé àti igi wà létí rẹ̀. Láti 1911 tí wọ́n ti ń sáré lórí títì yẹn, àwọn tó ti kú síbẹ̀ ti lé ní 250. Ó ní géèmù náà máa ń ba òun lẹ́rù, ìdí sì nìyẹn tóun fi gbà pé òun ló dára jù.

Bí mo ṣe ń gbọ́ wọn ni nǹkan kan hàn sí mi. Gbogbo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, ìṣubú ni. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ síni téèyàn bá ṣubú? Géèmù kan ní dìde kí o máa sáré. Òmíràn ní kò ṣẹlẹ̀ rí. Òmíràn sì ní ìwọ ṣọ́ra, ògiri rèé. Mo bi ọmọ-ọmọ mi pé tòun ńkọ́, tó bá kọlu mọ́tò. Ó ní wọ́n á ní kóun tún bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ní ṣé kò dùn ún? Ó wò mí bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. "Géèmù ni, Màmá àgbà."

Ìgbà yẹn ni bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan fún yín. Géèmù kọ́ ló gbé mi gun ọ̀kadà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin lẹ pè mí lórí fóònù pé ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù sílé, pé kí n sáré gbé e wá kí mátíróònù tó dé. Mi ò rí ọlọ́kadà ládùúgbò. Ṣùgbọ́n géèmù ló jẹ́ kí n rò pé mo mọ̀ ọ́n gùn."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò lè purọ́ fún yín pé mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Mi ò gbàgbé. Mo kàn ti fi géèmù bò ó mọ́lẹ̀ ni, tí mo sì ń sọ ti géèmù kiri fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Mo bẹ ọmọ mi. Ó ní kí n dákẹ́ jàre, pé ṣé nítorí ẹ̀ ni. Ó tún wá ní àṣíborí ọlọ́kadà yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n fi kọ́ ìdarí, òun ló ń gbá òun lórúnkún bí òun ṣe ń lọ.

Ẹ ó rántí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ní dandan ni kí ọlọ́kadà àti ẹni tó gbé máa dé àṣíborí. Àwọn kan gé igbá, wọ́n dé e sórí, kí wọ́n ṣáà lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Igbá kò ṣe nǹkan kan fún orí o. Àṣíborí gidi ń ṣe é: nínú ìwádìí tí àwọn dókítà kó jọ, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2008, ó ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69.

Nígbà tí inú mi rọlẹ̀, mo ní kí ọmọ yunifásítì gbé ìdíje MotoGP gidi sí fóònù rẹ̀ ká wò ó, kì í ṣe géèmù. Ẹnì kan ṣubú, ó yí gbirigbiri, ó dìde, ó ń gbọn yanrìn ara rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi pariwo pé, "Ẹ ò rí i? Kò dùn ún!" Mo ní kó jókòó. Ẹni yẹn, ìdúró kìlómítà tó lé ní 300 ni wọ́n ń sá, ṣùgbọ́n aṣọ awọ líle ló wọ̀ látọrùn dẹ́sẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ kan sì wà nínú aṣọ náà tó ń wú fúnra rẹ̀ kó tó balẹ̀. Láti 2018 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan fún wọn. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsáré kó lè dá a dúró, dókítà sì wà nítòsí. Síbẹ̀, àwọn kan ń kú níbẹ̀. Mo bi í pé èwo ló wà ní kọ́nà wa nínú gbogbo ìyẹn. Ó ronú díẹ̀. Ó ní gọ́tà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, mi ò ní kí ẹ já fóònù gbà bí mo ṣe fẹ́ ṣe. Ọmọ tí wọ́n bá lé nílé á lọ gbá a níbòmíràn, èmi mọ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè ohun tí mo bi tèmi. Ẹ wo ohun tí géèmù náà ń san owó fún. Tọ́mọ bá fẹ́ràn géèmù, kò túmọ̀ sí pé ó ń ṣàìsàn. Àjọ ìlera àgbáyé ti ka bárakú géèmù mọ́ àìsàn nínú ìwé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní kí ẹ wò ni bóyá ọmọ náà kò lè dáwọ́ dúró mọ́, tó fi géèmù ṣáájú oúnjẹ, oorun àti ẹ̀kọ́, tí ìyẹn sì ń ba ayé rẹ̀ jẹ́ fún bí ọdún kan. Ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin yàtọ̀ o, kí ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí kan lójúmọ́ lọ. Tọ́mọ bá fẹ́ lọ sùn, ẹ gbé fóònù kúrò ní yàrá rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin náà ńkọ́ pẹ̀lú WhatsApp yín láago méjìlá òru? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Kí wọ́n tó padà, mo gbọ́ ohun kan tó tún dẹ́rù bà mí ju géèmù lọ: ọ̀kadà ló ń gbé ọmọ yìí lọ síléèwé láràárọ̀, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀! Mo fún bàbá rẹ̀ lówó, a sì jọ lọ ra àṣíborí ọmọdé lọ́jọ́ náà. Ẹ má ra ti àgbà fún ọmọ. Ẹ dé e fún un, ẹ so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n kí ìka méjì péré lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá ní kó gbọn orí dáadáa. Tó bá yí lórí, kò bá a mu.

Tiwa kò yí. Ọmọ náà ní ó wúwo, ó ní ó ń mú òun lóoru, ṣùgbọ́n kò bọ́ ọ. Ó dé e lórí àga ní fàrándà, ó ń gbá Traffic Rider rẹ̀ lọ. Mo ní owó ọwọ́ òdìkejì yẹn ńkọ́? Ó ní òun ò gbà á mọ́. Ó wo ojú mi díẹ̀. Ó ní, "Àfi tó bá ku owó kékeré kí n fi ra ọ̀kadà tuntun, Màmá àgbà."