Omi Gbígbóná Lórí Odò Seine

Ọkọ̀ ojú omi ni èmi àti ìyàwó mi fi ṣe ilé, lórí odò Seine, nítòsí Paris. Àwa tí a ti Àjàṣẹ́ wá mọ ọyẹ́, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù méje, a wá ẹ̀rọ amúlégbóná.

Mẹ́ta ni a gbé yẹ̀wò. Gasoil ni gbogbo wọn ń lò. Èkíní ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná: owó rẹ̀ fúyẹ́, àmọ́ kì í mú omi ìwẹ̀ gbóná. Èkejì jẹ́ ààrò tí epo ń kán sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: kò nílò iná mànàmáná, ṣùgbọ́n yàrá tí ó wà nìkan ni ó ń yá dáadáa. Ẹ̀kẹta ń darí omi gbígbóná gba inú páìpù lọ sí gbogbo yàrá, ó sì ń mú omi ìwẹ̀ inú àgbá gbóná. Bátìrì ni ó ń jẹ.

Nítorí ìkókó tí a óò máa wẹ̀, ẹ̀kẹta ni a mú, a sì fi bátìrì kún bátìrì. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: carbon monoxide inú èéfín kò ní òórùn, ó sì ń pani lójú oorun. A darí páìpù èéfín síta, a sì fi ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ béèrè ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ kí ẹ tó béèrè iye owó rẹ̀.