Àpótí Ìṣeré Tí Ó Di Kọ̀ǹpútà

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ gbé PlayStation 3 wá sí ọjà. Àpótí dúdú kan tí ń dán ni, ó sì wúwo tó kílò 5. Nítorí ìṣeré ni àwọn ènìyàn ṣe rà á: a ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ilé yóò jókòó sí iwájú rẹ̀, yóò sì máa gbá bọ́ọ̀lù láìjáde sí òde. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju ti ọmọdé lọ. Ọpọlọ rẹ̀, tí a ń pè ní Cell, ni Sony, Toshiba àti IBM forí korí láti ṣe. Ó dà bí ọ̀gá kan tí ó ní ọmọ iṣẹ́ 8. A ti sé ọ̀kan nínú wọn mọ́ láti ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ náà fi ọ̀kan pamọ́ fún ìlò ara rẹ̀, 6 ni ó sì kù fún ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá kan ti ìṣirò, àwọn 6 yìí kì í káàárẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ èyí. Ibì kan wà nínú ètò ẹ̀rọ náà tí a kọ “Other OS” sí. Ibẹ̀ ni olówó rẹ̀ lè gbà mú Linux wọlé. Linux ni ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí ó ṣì ń kàwé ní fásitì. Ẹnikẹ́ni ni ó lè ka bí a ti kọ ọ́, kí ó tún un kọ bí ó ti wù ú, kí ó sì fi fún ẹlòmíràn.

Bí òǹkàwé bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti rí, kí ó fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2008, tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń lo ẹ̀rọ kan. Lórí dísìkì inú ẹ̀rọ náà ni gbogbo eré tí àbúrò ti fi oṣù púpọ̀ jẹ dé ibi tí ó dé wà. Linux lè gba àyè lórí dísìkì kan náà, ṣùgbọ́n kí a tó pín in, a ní láti kọ́kọ́ nu gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ta ni yóò sọ èyí fún àbúrò? Ẹ̀gbọ́n ra dísìkì mìíràn, irú èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà àgbéká. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó yọ okùn iná rẹ̀, ó ṣí ìdérí kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tú súkúrúù aláwọ̀ búlúù, ó sì fa dísìkì jáde bí ẹni fa àpótí tábìlì. Súkúrúù 4 ni ó di dísìkì mọ́ pákó irin tí ó jókòó lé. Ó fi aṣọ rírọ̀ wé ti àbúrò, ó tọ́jú rẹ̀, ó sì ti tuntun bọ ipò rẹ̀. Ìwé ìlànà tí ó bá ẹ̀rọ náà wá fi àyè gba èyí. Kò jalè, kò sì fọ́lé.

Ohun tí ó bá lẹ́yìn rẹ̀ kò dùn tó bí ó ti rò. Ìrántí tí Linux rí lò kò ju mẹ́gábáìtì 256 lọ, nítorí náà ó ń wọ́ tuurutu. A sì ti ti apá tí ń ya àwòrán eré mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ lẹ́tà lásán, kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú sàn fún un. Ìṣirò ni èrè ibẹ̀ wà, àwọn tí ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ní ọdún 2007, Gaurav Khanna, onímọ̀ físíìsì ní Fásitì Massachusetts tí ó wà ní Dartmouth, so 8 pọ̀, ó sì fi wọ́n ṣe ìṣirò nípa àwọn ihò dúdú ojú ọ̀run. Ní ọdún 2010, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà so 1,760 pọ̀ ní ìlú Rome ní ìpínlẹ̀ New York.

Kí ó tó di ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti ń padé. Ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 kò ní “Other OS” rárá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2010, Sony mú àtúnṣe tí a pè ní 3.21 jáde, èyí tí ó mú un kúrò nínú àwọn ti àtijọ́ pẹ̀lú. Wọ́n ní nítorí ààbò ni. Kò pọn dandan kí ènìyàn gba àtúnṣe náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ kò ní lè bá àwọn ẹlòmíràn ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, àwọn eré tuntun kan kò sì ní ṣí fún un.

Níhìn-ín ni dísìkì méjì kò ti ran ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ó lérò pé òun yóò fún àbúrò ní àtúnṣe lórí dísìkì tirẹ̀, kí Linux sì wà ní àlàáfíà lórí èkejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí dísìkì nìkan ni àtúnṣe ń gbé. Inú àpótí gan-an ni ó ń wọ̀ sí, níbi tí súkúrúù kankan kò ti lè tú u. Bí ó bá ti wọlé, dísìkì Linux kò ní ohun tí yóò jí i dìde mọ́. Ó gba àtúnṣe náà fún àbúrò.

Àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní California ní ọdún 2010 kan náà, wọ́n ní ohun tí àwọn fi owó rà ni a gbà lọ́wọ́ àwọn. Ó di ọdún 2018 kí Sony tó gbà láti fi mílíọ̀nù dọ́là 3.75 parí rẹ̀, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Ní ìgbà náà, PlayStation 4 ni ó wà ní iwájú tẹlifíṣọ̀n àwọn ènìyàn, kò sì sí ilẹ̀kùn irú èyí nínú rẹ̀.