Bódìjà Láago Méje Àárọ̀

Oyẹ́ ò tíì ká nílẹ̀ nígbà tí aago méje àárọ̀ Sátidé lù ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Àwọn alábàárù ti ń ké "ẹ yàgò, ẹ yàgò lọ́nà!", ata tó ti ilẹ̀ Haúsá wá ṣì wà lórí ọkọ̀, àwọn ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sì ń tú àpò. Àsìkò tiwọn gan-an rèé, torí iṣu tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sá kì í pẹ́ gbẹ nínú oyẹ́, kì í ráàyè bu. Ìyẹ̀fun ti kun ọ̀kan nínú wọn títí dé irun ìpéǹpéjú, ó sì ń jẹ àgbálùmọ̀ nínú ẹ̀.

Èmi ò tíì rí ìgbà tí ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ́jà wà lára ohun tí mo kọ sí pépà wá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀wà olóyin. Ìyá tó ń tà á rọ ọ́ kún kóńgò dé etí, ó fi ọwọ́ òsì ṣe ògiri yí ẹnu rẹ̀ ká, ó ń fi ọ̀tún bù lé e díẹ̀díẹ̀, títí tó fi yọ ṣóńṣó. Gbogbo àwa tó dúró tì í dákẹ́, à ń wo hóró tó máa yẹ̀ bọ́. Ọ̀kan bọ́, méjì tẹ̀ lé e, èyí tó kù dúró. Ó dà á sínú ọ̀rá oníbàárà, ló bá tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ènì nìyẹn. Obìnrin tó ń rà á ti fajú ro látìgbà tó ti gbọ́ iye tí wọ́n pè é, torí ẹ̀wà ti gbówó lórí gan-an. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ló mú un rẹ́rìn-ín.

Lọ́ọ̀kán, bàbá kan ń kọjá níwájú àwọn onídìrí. "Ojú gbooro o!" "Òòyà á yà o!" Wọ́n jùmọ̀ dáhùn ni, títí kan ọmọdébìnrin tó ń bá wọn na òwú. "Ẹ kú iṣẹ́" ló kù lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa báyìí, bẹ́ẹ̀ gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ló ní ìkíni tirẹ̀. Inú mi dùn pé ọmọ yẹn mọ ìdáhùn.

Ìdí ata ni nǹkan ti wá ṣẹlẹ̀. Ìyá ìbejì kan dé, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́wọ́. Kó tó nájà rárá, ìyá arúgbó kan, tó ti ń tajà l'Órítamẹ́rin kí ọjà oúnjẹ tó kó wá sí Bódìjà lọ́dún 1987, ti kí ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ju tòmátì mẹ́ta sínú abọ́ rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e ju ata rodo sí i. Bàbá Haúsá tó ń ta àlùbọ́sà lódìkejì dìde fúnra rẹ̀, ó mú méjì wá.

"Èwo ni Kẹ́hìndé?" ni ìyá arúgbó bi í.

"Èyí tó wà lẹ́yìn ni, Mà."

Ló bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, Táyé ni mo kọ́kọ́ kí!" Ni ẹ̀rín bá sọ.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta, àwọn tó wà níwájú ní kó bọ́ síwájú. Ọmọkùnrin tó ń lọ ata gbowó ẹ̀ pé, kò yọ kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà fẹ́ kúrò, ọmọkùnrin náà ní, "Màmá ìbejì, ẹ dúró, tiyín ṣì kù nínú ẹ̀rọ." Ó fi igi ti èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ wọlé, ó da omi díẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì dúró tì í títí ata tó pọ́n rokoṣo fi ro tán sínú abọ́ rẹ̀, kó tó pe ẹni tó kàn.