Ìbọn Tí Ọta Rẹ̀ Wọ́n

Ẹ̀ẹ̀kan là ń ra ìbọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ayé ìbọn náà gbogbo la ó fi máa wá ọta tí yóò jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń rò lọ, tí mo ń rò bọ̀, láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Pennsylvania ti pè mí lórí fóònù. Ó ní ìyá àgbà kan ládùúgbò òun, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọdẹ kó tó kú, fẹ́ ta ìbọn tí olóògbé fi sílẹ̀. Ráìfù Ruger 77 ni. Igi ìdí rẹ̀ ṣì ń dán, ọ̀pá rẹ̀ kò dógùn-ún, owó tí màmá náà sì dá lé e kò pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n .257 Roberts ni orúkọ ọta tí wọ́n fín sára ọ̀pá náà. Ọmọ náà ti wọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọta nílùú rẹ̀, kò rí páálí rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé kí n rà á, àbí kí n fi í sílẹ̀ kí n lọ ra .308 tí gbogbo ayé ń rà?"

Mo ní kó jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà sùn ná.

Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, lọ́nà Ṣakí, n kò sì gbọ́ kí ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa bi irú ìbéèrè yìí rí. Ṣakabùlà ni wọ́n ń lò. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ń gbà rọ ẹ̀tù sí i, wọ́n á wá nǹkan fi dí i, wọ́n á fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ọta lé e. Ọta yìí lè jẹ́ òjé róbótó, ó sì lè jẹ́ irin tí alágbẹ̀dẹ gé wẹ́wẹ́. Bí ẹnu ìbọn tèmi bá fẹ̀ ju tìrẹ lọ, kò sí wàhálà níbẹ̀; ohun tó bá ti gba ibẹ̀ wọlé, oúnjẹ rẹ̀ ni. Àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn ra olójú méjì, kátíríìjì tí ọjà sì ń tà fún ẹnì kan náà ló ń tà fún ẹnì kejì. Òjò tó lè rin ẹ̀tù ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìwọ̀n ẹnu ìbọn kò sí nínú ohun tí wọ́n ń rò.

Ráìfù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló gbẹ́ ihò tí kátíríìjì ń wọ̀ nínú rẹ̀, kátíríìjì kan ṣoṣo ló sì gbẹ́ ẹ fún. Ìyàtọ̀ tí kò tó sísanra èékánná ti tó láti sọ ìbọn olówó iyebíye di igi lásán. Ó tilẹ̀ lè ṣe ọdẹ léṣe: ẹni tó bá yin ọta .270 nínú ìbọn .280 ń fi ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ wewu. Nítorí náà, ẹni tó ra ráìfù ti bá kátíríìjì kan dá májẹ̀mú, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó yé ọmọ mi ni pé wíwọ́n tí ọta kan wọ́n kò túmọ̀ sí pé kò lè pa ẹran. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa sọ ọ́ pé, "Bó bá dára ni, gbogbo èèyàn ì bá máa lò ó." Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọta tó dára ni ọjà pa, tí ẹran inú igbó kò mọ̀ sí i. Ẹ wo ọdún 1955. Ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ Winchester gbé ọta .243 jáde, tí ilé iṣẹ́ Remington náà sì gbé .244 tirẹ̀ jáde. Ìwọ̀n ọta méjèèjì dọ́gba, bí ẹ bá sì fẹ́ kí n sọ òótọ́, kòròfo idẹ ti Remington ló gba ẹ̀tù jù. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìlà tó lọ́ po nínú ọ̀pá ìbọn, èyí tó ń mú kí ọta máa fò yí bí òkòtó. Remington jẹ́ kí ìlà tirẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀kan nínú íǹṣì 12, torí wọ́n rò pé ẹran kéékèèké ni àwọn oníbàárà wọn yóò máa yìnbọn fún. Winchester ṣe tirẹ̀ ní íǹṣì 10. Ọta tó gùn tó sì wúwo kì í dúró ṣinṣin lójú afẹ́fẹ́ àfi kí ìlà náà yára yí, bẹ́ẹ̀ ọta tó wúwo díẹ̀ ni ọdẹ àgbọ̀nrín ń fẹ́. Wọ́n bá ya lọ sọ́dọ̀ Winchester. Ní 1963, Remington tún ìlà náà ṣe, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí 6mm Remington, ṣùgbọ́n ọjà ti tú. Títí di òní, .243 kún inú ṣọ́ọ̀bù, ìkejì rẹ̀ sì ti di ohun tí à ń fi àtùpà wá.

Ti .280 Remington tún dùn mí ju ìyẹn lọ. Ọdún 1957 ló jáde, ọdún 32 lẹ́yìn .270 tí àwọn ọdẹ ti fẹ́ràn. Wọ́n dín agbára rẹ̀ kù kó má baà ju èyí tí ìbọn Remington kan tó ń kó ọta fúnra rẹ̀ lè gbà lọ. Nígbà tó di 1979, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí 7mm Express. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í mú fún 7mm Magnum, ni wọ́n bá tún dá orúkọ àtijọ́ padà fún un. Ọmọ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ báyẹn, báwo ni ará ọjà yóò ṣe mọ̀ ọ́n?

Ní ti .257 tí à ń sọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ned Roberts ló ronú kàn án. Ó mú kòròfo 7x57 ti ilé iṣẹ́ Mauser, ó pa ọrùn rẹ̀ pọ̀ kó lè di ọta tó tẹ́ẹ́rẹ́ mú. Remington gbà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1934. Ó fi bí ogún ọdún jẹ́ ààyò àwọn tó ń fẹ́ ìbọn tí kì í gbá èjìká, tí a lè fi pa ẹran kékeré lónìí kí a sì fi pa àgbọ̀nrín lọ́la. .243 yẹn náà ló wá gba àga rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa baba tó bí i, torí 7x57 ni èmi fúnra mi ń lò láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í sú mi. Àwọn ọmọ ogun Spéènì gbà á ní 1893. Òun ni wọ́n mú dání lórí òkè San Juan ní ilẹ̀ Kúbà ní 1898, tí àwọn díẹ̀ fi dá ogunlọ́gọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà dúró fún ìgbà díẹ̀. Amẹ́ríkà kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ìbọn Springfield tí wọ́n ṣe ní 1903 fi ara jọ ti Mauser débi pé wọ́n ní láti sanwó fún Mauser. Bùràsíìlì náà fi ìbọn oní-7x57 lé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́wọ́ ní 1908. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní .275 Rigby, òun ni Jim Corbett fi ń lépa ẹkùn tó ń pa èèyàn jẹ ní Íńdíà, òun náà sì ni ọmọ Scotland kan, W.D.M. Bell, fi pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn erin tó lé ní ẹgbẹ̀rún tó pa ní ilẹ̀ Áfíríkà. Bell mọ ibi tí ọpọlọ wà nínú orí erin, ibẹ̀ ló ń yìn ín sí. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdílé tí .257 ti wá kì í ṣe ìdílé ọ̀lẹ, àgbọ̀nrín Pennsylvania kò sì lè dúró níwájú rẹ̀ bí ọwọ́ ọdẹ bá dúró.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti jókòó pẹ́ jù. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọta kì í ṣe oríṣi gbogbo lójoojúmọ́. Àwọn tó ń tà wàràwàrà ni ẹ̀rọ wọn ń lù láìsinmi. Ti àwọn tó wọ́n, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí èrò rọ́ lọ ra ìbọn, tí Remington sì wọ gbèsè títí tí wọ́n fi pín in tà, gbogbo agbára ilé iṣẹ́ yòókù lọ sórí ọta tí èrò ń bèèrè. Ẹni tó ní .308 fara da ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tó ní .257 kò rí nǹkan kan tí yóò fara da ọ̀wọ́n rẹ̀. Ẹ tún fi ti ìrìnàjò kún un: bí ọdẹ bá wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Wyoming, tí àpótí ọta rẹ̀ sì sọnù lọ́nà, yóò rí .30-06 àti .270 ní ṣọ́ọ̀bù abúlé tó kéré jù, ṣùgbọ́n bó bá bèèrè .257, ojú rẹ̀ ni wọn yóò máa wò.

Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọta, kó fi ìbọn yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mi ò fi ìyẹn pa mọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Bó bá gbà láti dì í, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di kátíríìjì: kòròfo idẹ, ẹ̀tù, ọta, àti práímà, ìyẹn ohun bíńtín ìdí kòròfo tí abẹ́rẹ́ ìbọn ń lù tí iná fi ń ṣẹ́. Práímà tí .308 ń lò ni .257 ń lò. Ẹ̀tù rẹ̀ kò ṣàjèjì. Ọta rẹ̀ gan-an, ìwọ̀n kan náà ni pẹ̀lú ti .25-06 tí Remington mú wọ ọjà ní 1969, nítorí náà kò ṣòro láti rí. Kòròfo nìkan ló wọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì lè fi kòròfo 7x57 ṣe é. Ohun tó mú kí n máa fi ojú rere wo ìbọn yìí nìyí. Ká ní .22 Hi-Power ti Savage ni, tí ọta rẹ̀ fẹ̀ ní .228 tí kò bá ti ọ̀pọ̀ ìbọn míràn mu, tàbí .348 tí Winchester ṣe fún Model 71 nìkan ní 1936, n bá ní kó sá.

Mo tún bá a ṣírò. Ọdẹ àgbọ̀nrín kì í yìnbọn púpọ̀. Díẹ̀ láti fi yẹ ojú ìbọn wò kí àkókò tó tó, ọ̀kan tàbí méjì fún ẹran. Ká sọ pé 20 lọ́dún, mo ti fowó kún un. Kòròfo tí a tọ́jú dáadáa lè gba ẹ̀tù tó ìgbà márùn-ún. Bó bá ra kòròfo 200, ìyẹn jẹ́ 1,000 ìyìn, tó jẹ́ oúnjẹ ọdún 50. Práímà 1,000 wà nínú páálí ńlá kan. Pọ́n-ùn ẹ̀tù kan jẹ́ gíréènì 7,000, bẹ́ẹ̀ ìbọn yìí ń jẹ bíi 40 sí 45 lẹ́ẹ̀kan. Pọ́n-ùn kan yóò tó o fún ọdún méje ó kéré tán. Gbogbo rẹ̀ kò ní kún kọ́bọ́ọ̀dù kan. Kó ra ìwọ̀nyí kó tó sanwó ìbọn. Èyí ni mo tẹnu mọ́ jù: kòròfo ṣáájú, ìbọn lẹ́yìn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, gbogbo wa la mọ ibi tó ń fi orí ru igbá rẹ̀ dé.

Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn òun, àwọn ọmọ òun sì kéré. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kan nígbà òtútù tó láti di ọta ọdún kan. Èèyàn á nu kòròfo, á ti í bọ inú irin oníhò tí wọ́n ń pè ní dáì kó lè padà sí ìwọ̀n rẹ̀, á fi práímà tuntun sí i, á wọn ẹ̀tù lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà nínú ìwé, á wá fi ọta lé e lórí. Kò gbọdọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n nítòsí, kò gbọdọ̀ sí ọtí. Nígbà tí mo bá jókòó ti iṣẹ́ yìí, ó máa ń yé mi dáadáa ìdí tí ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ fi ń sin Ògún kan náà. Ọdẹ tó ń ra ọta lọ́jà ti ya ara rẹ̀ kúrò lára alágbẹ̀dẹ. Èyí tó ń dì í tún ti padà síbi arọ. Adùn tó wà níbẹ̀ pọ̀, mo sì fẹ́ kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n.

Ó ti ní .30-30 kan nílé, ọta èyí sì wà níbi gbogbo, nítorí náà ebi kò ní pa á bí .257 bá ń gbààwẹ̀. Mo ní kó rà á.

Ṣùgbọ́n kó tó sanwó, kó padà lọ kí màmá náà, kó sì rọra bi wọ́n bóyá bàbá fi àwọn irin àti páálí kan sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọdẹ kì í lo .257 dàgbà láìní dáì àti kòròfo. Ó ṣeé ṣe kí màmá má mọ̀ pé nǹkan gidi ni, kí wọ́n sì ti fẹ́ dà á nù. Kó san owó tó tọ́ fún wọn lórí rẹ̀, kó má rẹ́ opó jẹ. Bó bá rí kòròfo tí bàbá ti yìn nínú ìbọn náà, kó mú un lọ bá ẹni tó ń tún ìbọn ṣe. Àwọn kan máa ń gbẹ́ ihò kátíríìjì .257 gbòòrò sí irú èyí tí oníṣẹ́ ìbọn kan, P.O. Ackley, gbé jáde, tí èjìká kòròfo rẹ̀ yọ gan-gan, wọn kì í sì í fín in sára ọ̀pá nígbà míràn. Èjìká kòròfo yẹn ni yóò sọ òtítọ́. Ọta tí bàbá ti fọwọ́ ara wọn dì sílẹ̀, kó má yin ọ̀kankan nínú rẹ̀, bó ti wù kó dán tó. Kó tú u, kó da ẹ̀tù inú rẹ̀ nù, kó sì fi kòròfo wọn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.