Ilé-Ìwé Jẹ́lé-ó-sinmi Kan ní Mowe

Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù ni wọ́n ti ń gbé ọmọ dé ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Mowe. Òmíràn ṣì ń sùn léjìká ìyá rẹ̀. Òmíràn há sáàárín bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú àpò ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òun fúnra rẹ̀. Ìyá á gbé ọmọ lé aǹtí lọ́wọ́, á fún un ní kúlà oúnjẹ, ìgò omi àti aṣọ ìpààrọ̀. “Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹun tán, ẹ bá mi fún un ní òògùn ikọ́ rẹ̀.” Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán, ó ti kọjú sí ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Èkó, nítorí bí ilẹ̀ bá mọ́ kó tó dé Bẹ́gà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò ní jẹ́ kó tètè débi iṣẹ́. Èkó ni ọ̀pọ̀ àwọn òbí yìí ti ń ṣiṣẹ́. Mowe ni agbára wọn ká láti ra ilẹ̀ tàbí láti gba ilé. Ọmọ ọdún méjì tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìdájí kò ní rí wọn mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ilé tí wọ́n kọ́ fún ìdílé kan ni irú ilé-ìwé yìí sábà máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Pálọ̀ ti di kíláàsì, yàrá ìyálé ilé ti di kíréṣì, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ti di ibi tí àwọn ọmọ ń tò sí láràárọ̀. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ mèremère kun ara ògiri, wọ́n sì ya ẹranko tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Nínú kíláàsì, àga oníke kéékèèké yí tábìlì ká, ẹní wà ní kọ̀rọ̀ kan, póò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òórùn ògì gbígbóná, páúdà àti détọ́ọ̀lù ló gba inú yàrá kan. Ṣáàtì lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì wà lára ògiri. Èso ápù ni wọ́n yà sábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ilé tí wọ́n fi yìnyín kọ́ ló wà lábẹ́ ìkẹsàn-án. Ayaba tó dé adé bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà lábẹ́ ìkẹtàdínlógún. Lójú fèrèsé, ewúrẹ́ ń wá èèpo ẹ̀gẹ́ jẹ, ìyá kan sì ń yan bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì. Àwọn ọmọ mọ àwọn méjèèjì dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ kò ní bá wọn lára ògiri.

Bí aago mẹ́jọ bá lù, agogo á dún, wọn á tò sí ìlà, ẹni kúkurú níwájú, ẹni gíga lẹ́yìn. Wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á gbàdúrà pẹ̀lú ojú dídì, wọn á kọrin afárá Lọ́ńdọ̀nù tó wó. Ìlà yìí, agogo yìí, àdúrà yìí àti aṣọ kan náà tí gbogbo wọn wọ̀, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì la ti gbà á. Ní ọdún 1843 ní Àgbádárìgì, de Graft, ará ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó ti Gold Coast wá, àti ìyàwó rẹ̀, kó àwọn ọmọ jọ láti kọ́ wọn ní ìwé. Ọmọ àwọn tó ti Sàró padà wálé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1846, àwọn míṣọ́nnárì Henry Townsend àti Àjàyí Crowther dé Abẹ́òkúta, ẹ̀kọ́ ìwé sì ráyè wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, èyí tí Mowe wà nínú rẹ̀ lónìí. Torí kí ọmọ lè ka Bíbélì ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níwèé, Yorùbá sì ni Crowther fi ọ̀pọ̀ ọdún ìgbésí ayé rẹ̀ kọ sílẹ̀ kí kíkà náà lè ṣeé ṣe. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wá yí ọ̀rọ̀ padà. Òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1882 so owó ìrànwọ́ mọ́ kíkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ilé-ìwé ti mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń mú owó wá, òbí náà sì mọ̀ pé òun ló ń mú iṣẹ́ wá. Àdúrà àárọ̀ kò kúrò ńbẹ̀ ní tirẹ̀; ní Mowe pàápàá, tí ìjọ Rìdíìmù ti ní ilẹ̀ Redemption Camp nítòsí rẹ̀ láti 1983, ṣàṣà ni ilé-ìwé aládàáni tí kì í fi orin ẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ pé ilé-ìwé aládàáni ni ọmọ ọdún méjì àti mẹ́ta ń lọ? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn. Abẹ́òkúta kan náà ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ, ní bí ọdún 1920 sí 1930, nígbà tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an ní Nàìjíríà. Kò sí ìjọba tó gbé e dé gbogbo ìlú. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ tó wà nílé-ìwé lọ́dún náà lé ní 800,000. Ohun ńlá gbáà ni, ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń jẹ èrè rẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ni ètò náà ń gbà. Ọmọ tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ilé ni wọ́n fi í sí, nítorí pé ní 1955, ilé ṣì kún fọ́fọ́ fún ènìyàn.

Ilé tí à ń wí yìí náà, ilé-ìwé ni. Ní abúlé tó yí Ọ̀fàdà ká, ìrìn kúkurú sí Mowe, ọmọ ọdún mẹ́rin a jókòó ti ìyá àgbà nídìí àtẹ ìrẹsì, a máa ṣa òkúta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń là, tí ìka rẹ̀ ń mọ nǹkan kékeré í mú, tó sì ń kọ́ sùúrù. Nídìí ọpọ́n ayò, ihò méjìlá àti ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ló fi ń mọ ìṣirò, kó tó mọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe. Lálẹ́, wọn a pa àlọ́. Ọmọ a ronú kó tó dáhùn, a gbé orin ìjàpá, a mọ̀ pé ọ̀kánjúwà kì í bí ọmọ rere. Bó bá jí láàárọ̀ tí kò kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan ni yóò bá a wí. Wọn a ki oríkì rẹ̀, Àjọkẹ́ tàbí Àkànní, a mọ ẹni tí òun jẹ́. Ojú méjì ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Ní Mowe òde òní, igba ojú náà wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó.

Ilé-kéwú wà níbẹ̀ bákan náà, ó sì ti wà nílẹ̀ Yorùbá ṣáájú àwọn míṣọ́nnárì. Títí di òní, bí ẹ bá rìn ní àwọn àdúgbò Mowe àti Ìbàfò nírọ̀lẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn wẹ́wẹ́ tó ń ka kéwú pọ̀ lórí ẹní, àbúrò ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, alùfáà ń tún un ṣe. Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣàlàyé Lárúbáwá fún ọmọ, kò sì sí ẹni tó rò pé Yorùbá yóò bá kéwú náà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí kíláàsì ní ọ̀sán. Oòrùn ti mú, páànù ń dún, ọmọ kan ti ń sunkún ìyá rẹ̀ láti àárọ̀. Aǹtí, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ títí. Ẹkún kò dá. Ìyá àgbàlagbà tó ń fọ ọmọ, tó sì ń fún wọn lóúnjẹ, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, wá gbé e pọ̀n. Ó kì í ní oríkì, ó rọra ń jó kiri, ó ń bi í léèrè lédè Yorùbá pé ta ló bú u, pé kí wọ́n jọ lọ nà án. Ẹkún dá. Láìpẹ́ ọmọ náà ti ń ròyìn ajá ilé wọn, gbólóhùn lé gbólóhùn, òun tí wọ́n ti ní kò tíì mọ̀rọ̀ sọ. Lójú tèmi, olùkọ́ tó mọṣẹ́ jù lọ nínú ilé náà ni Màmá, àmọ́ owó oṣù rẹ̀ ló kéré jù, wọn kò sì ka ohun tó mọ̀ sí ẹ̀kọ́.

Àyẹ̀wò ti wà nílẹ̀ lórí fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta yọ nínú iṣẹ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 fara mọ́ èdè abínibí fún ọmọ kékeré. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ mọ́ ojúṣe ìjọba. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ sókè. Mo gbà pé Ìgbò, Ẹ̀gùn àti Ẹdó wà nínú kíláàsì kan náà ní Mowe. Mo gbà pé òbí tó ń jí ní aago mẹ́rin fẹ́ kí ayé ọmọ òun dẹrùn ju tòun lọ, ó sì rí Gẹ̀ẹ́sì bí ọ̀nà rẹ̀. Àmọ́ ọmọ kékeré lè gbọ́ èdè méjì, kódà mẹ́ta, bí a kò bá fi ìkankan dójú tì í.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n owó. Kí onílé-ìwé fún Màmá ní wákàtí tirẹ̀ lórí ẹní, kó pa àlọ́, kó gbé ọpọ́n ayò sílẹ̀. Kí ìyá tó jẹ́ Ìgbò tàbí Ẹ̀gùn náà wá pa tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Kí wọ́n ya ewúrẹ́, àgbálùmọ̀ àti ọba aládé ìlẹ̀kẹ̀ sára ògiri. Kí fáìnì tí àwọn ilé-ìwé kan ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá dópin. Ìlà àti agogo míṣọ́nnárì dára, ìwé Awólọ́wọ̀ dára, kéwú dára. Ọmọ Mowe jogún gbogbo wọn. Ẹ̀kọ́ ìyá àgbà jẹ́ ogún rẹ̀ pẹ̀lú, àwa àgbà la ó sì bi bó bá dàgbà tán tí kò rí i gbà.