Aago Inú Ìfun

Lásìkò ìdánwò tó kọjá, òru la máa ń jẹun, torí ìgbà náà ni iná ń dé tí a fi ń rí sítóòfù oníná lò. Inú ń run wá ṣáá. Nígbà tí a lọ sinmi ní Ìtapàjí-Èkìtì, ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa kọ̀, wọn ò gbé iyán fún wa lẹ́yìn aago méje alẹ́. Wọ́n ní, "Ìfun yín ti sùn."

A rẹ́rìn-ín. Ìfun kì í kúkú sùn, àmọ́ ó ní aago lóòótọ́. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, awọ inú rẹ̀ á ti pààrọ̀ ara rẹ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ kòtò kéékèèké inú rẹ̀ ń pín, wọ́n ń bí tuntun, èyí tó gbó ń já bọ́. Aago inú sẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tó ń darí ìgbà tí wọ́n ń pín. (Iṣẹ́ lórí irú aago yìí lára eṣinṣin ló gba ẹ̀bùn Nobel ọdún 2017.) Ìmọ́lẹ̀ ló ń tún aago ọpọlọ ṣe, àkókò oúnjẹ ló ń fa ti ìfun. Bí a bá ń jẹun lóru, àwọn méjèèjì ò ní bára mu mọ́.

Ìdánwò míì ti dé tán. A ti ra sítóòfù oníkẹrosíìnì.